Ògiri Oníkòkò

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti pe Àlímì kẹ́yìn pé kó wá bá òun mọ ògiri ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kì í ṣe pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ọdún mẹ́rin gbáko ló fi bá àwọn Àgùdà mọ ilé l'Ékòó, kò sì sí mọlémọlé mìíràn láti Òkè-Sọ́pẹ̀n dé Ojówó tó lè ṣe ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ bí ọrun, tí kò ní igi kankan lórí, tí yóò sì dúró digbí.

Ògiri kan ṣoṣo ló ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ní ọdún kan lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n, olówó kan ní Òkè-Àgbò ń kánjú kí ilé òun parí kí òjò tó dé. Àlímì mọ̀ pé ipele kẹrin ògiri náà ò tíì gbẹ. Àmọ́ nígbà tí onílé jágbe mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé ipele karùn-ún lé e. Òjò àkọ́kọ́ ọdún náà ló wó o. Sàláwù ahunṣọ, tó gbé òfì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri náà nítorí ibòji, ló wó lù. Sàláwù ò kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kán, nígbà tó sì jiná, ó wọ́.

Ojú ti Àlímì débi pé kò lè lọ kí i. Bó bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán ní mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà jáde. Ó kó ọkọ́ rẹ̀ lọ sóko, oko náà ò sì gbà fún un. Nimotalahi, ìyàwó rẹ̀, ló ń rin gbágùúdá tó ń yan gàrí, òun ló ń bọ́ ilé. Kò fìgbà kan fi bú ọkọ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí Ìbíkẹ́ dé.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ja ló gbé e láti Èkó dé etí ọ̀sà l'Éfire, ó sì fẹsẹ̀ rìn gba inú igbó wá sílé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí àwọn ajínigbé mú un lójú ọ̀nà oko. Wọ́n tà á, àwọn kan gbà á sílẹ̀ l'Ékòó, nígbà tó sì pé ọmọ ọdún méjìlá, ìyàwó Òyìnbó oníṣòwò kan mú un lọ sí ìlú wọn láti máa bá a gbé ọmọ. Gbogbo ìgbà tó fẹ́ padà wálé, ọ̀nà Ìjẹ̀bú wà ní títì. Ìgbà tí ogun parí tí ọ̀nà là ló ráyè. Obìnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ló padà wá, ó sì bá ìyá rẹ̀, Yèyé Ọmọ́títí, láàyè.

Àwọn ará ilé ò mọ̀ bóyá kí wọ́n sunkún ni tàbí kí wọ́n jó. Èyí tó tún yà wọ́n lẹ́nu ni pé Ìbíkẹ́ ò gbàgbé èdè. Ìjẹ̀bú ló ń sọ, àmọ́ Ìjẹ̀bú ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Àgbà obìnrin tó wọ bàtà aláwọ á la ẹnu, ohùn ọmọ kékeré tó ń bẹ ìyá rẹ̀ fún àkàrà ni wọn á gbọ́. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì tún nu ojú.

Kò tíì pé oṣù kan tó dé tó fi wá sílé Àlímì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ká bébà kan mọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n Àlímì, ẹ kú àárọ̀ o. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀.”

“Ṣé wọn ò sọ èyí tó kù fún ọ ni?”

“Wọ́n sọ ọ́. Mo ti gbọ́ nípa ẹsẹ̀ Sàláwù.”

Ó tẹ́ bébà náà sílẹ̀ lórí ẹní. Àwòrán ọgbà kan ni, òun fúnra rẹ̀ ló yà á. Ọgbà ilé ńlá àwọn ìjòyè Òyìnbó kan ni, ní ìgbèríko, níbi tí ìyàwó oníṣòwò náà fi í sí nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, tó sì ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún. Ògiri bíríkì pupa yí ọgbà náà ká, ó ga ju èèyàn méjì tó gun ara wọn léjìká lọ. Wọ́n to òkúta sí orí rẹ̀, ó dà sọ́tùn-ún ó dà sósì, kí omi òjò má baà rí inú ògiri wọ̀. Wọ́n gbẹ́ ihò kéékèèké sí ara rẹ̀ níbi tí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń sin oyin ń jókòó sí. Ní igun ọgbà náà, ilé kékeré onígun mẹ́rin kan dúró, òrùlé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí akẹtẹ̀, ó ní ẹnu ọ̀nà méjì tó tẹ̀ bí ọrun, ọ̀kan kọjú sí èkejì, kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ni wọ́n ń gùn wọ inú rẹ̀, pèpéle sì wà níbẹ̀ lára ògiri.

Ojú Àlímì ò kúrò lára àwòrán náà. Ó fi ìka tọ ẹnu ọ̀nà náà yí po.

“Kí ni wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀?”

“Wọ́n máa ń jókòó.”

“Wọ́n mọ gbogbo èyí kí wọ́n lè jókòó?”

“Wọ́n á tún mu tíì.”

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Àlímì. Nimotalahi tó ń ku gàrí níta yọjú wò wọ́n, ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀.

Ìbíkẹ́ ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo rí níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n, díẹ̀ ló kù kó pa mí. Ọwọ́ mi là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo máa ń sá lọ sunkún sínú ọgbà. Bàbá arúgbó kan ló ń tọ́jú ọgbà náà, Jóòbù ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ kan ló rí mi. Ó fà mí lọ́wọ́ dé ilé kékeré yẹn, ó ní kí n jókòó kí n fẹ̀yìn ti ògiri. Ògiri náà gbóná. Ẹ gbọ́ mi o, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀yìn ìyá. Mo rò pé orí mi ló dàrú.”

“Báwo ni ògiri ṣe lè gbóná níbi tí kò sí oòrùn?”

“Inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná. Èéfín iná náà á wọ inú ògiri, á rìn lọ rìn bọ̀ bí ejò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gba òkè jáde. Igi èso tí wọ́n gbìn ti ògiri náà ni wọ́n ṣe é fún, kí èso rẹ̀ lè pọ́n nínú òtútù. Bàbá Jóòbù ní bí ó bá dáa fún èso, ó dáa fún ọmọ èèyàn. Ojoojúmọ́ ló ń jẹ́ kí n wá jókòó. Ibẹ̀ ló ti kọ́ mi ní ìwé kíkà.”

Ó ká bébà rẹ̀. “Nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, eegun máa ń ro Yèyé mi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí a bá dáná sí yàrá, èéfín ò jẹ́ kó mí, ojú rẹ̀ tó kù díẹ̀ ń lọ. Mo fẹ́ kí ó ní ilé kékeré kan nínú ọgbà, pẹ̀lú irú ògiri yẹn. Èmi ni mo jẹ ìgbádùn rẹ̀ nígbà tí òun ń sunkún mi níbí.”

“Ìbíkẹ́, èyí tí inú rẹ̀ kún gan-an wó lọ́wọ́ mi. O wá fẹ́ kí n mọ èyí tí inú rẹ̀ ṣófo.”

“Mo ti lọ bá mọlémọlé mẹ́ta ṣáájú yín. Gbogbo wọn ní kò le rárá, àwọn á ti parí rẹ̀ kó tó di ọjà tó ń bọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ̀rù bà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni mo fẹ́.”

Àlímì ní kó jẹ́ kí òun rò ó. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé òun ò lè fọwọ́ kan amọ̀ kí òun tó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan. Lẹ́yìn ìrun alásàrí, ó gba ilé Sàláwù lọ.

Sàláwù wà nídìí òfì rẹ̀. Ó ti so okùn mọ́ òfì náà lọ́nà tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo á fi lè máa tẹ̀ ẹ́. Àlímì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀.

“Dìde,” ni Sàláwù wí.

“N ò dìde. Mo mọ̀ pé ògiri yẹn ò tíì gbẹ. Mo mọ̀, mo sì gbé ipele mìíràn lé e. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló yẹ kí n ti wá sọ ọ́.”

Sàláwù dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

“Kì í ṣe ẹsẹ̀ yìí ló dùn mí jù. Láti ilé kéwú la ti jọ ń jẹun pọ̀. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀, ojoojúmọ́ ni mò ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo ní Àlímì á wá lónìí. Bí kò bá wá lónìí, á wá lọ́la. O ò wá.”

“Ojú ló tì mí.”

“Mo mọ̀. Mo ti forí jì ọ́ láti ìgbà yẹn. Ìwọ lo ò wá gbà á.”

Àlímì sunkún nílẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọkùnrin tó máa ń sunkún. Sàláwù jẹ́ kó sun ún tán, ó bu omi fún un, wọ́n sì jókòó. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ògiri Ìbíkẹ́, ó mi orí títí.

“Ògiri tí èèyàn ń yá bí iná! Lọ mọ ọ́n. Ọjọ́ tó bá parí, ẹ̀yìn tèmi ni yóò kọ́kọ́ fara tì í, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀.”

Bí òjò ṣe dáwọ́ dúró ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé Yèyé Ọmọ́títí. Làmídì, àbúrò Àlímì, ló ń fẹsẹ̀ po amọ̀. Àlímì fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ó mọ pèpéle, ó wá dé orí ògiri oníhò náà. Ó ti rò ó pé òun á tẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú amọ̀ tútù, bí igi náà bá gbẹ tó sì sún kì, ihò á kù níbẹ̀. Ó tẹ́ ẹ ní ipele kìíní, ó tẹ́ ẹ ní ìkejì, ó sì tẹ́ ẹ ní ìkẹta. Láàárín ipele kan sí èkejì, ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ń dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ilà kan lára ipele kejì. Ó tín-ín-rín bí irun orí. Làmídì ní kí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ẹ, ta ni yóò rí i? Àlímì wo ilà náà títí. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti jẹrà kí amọ̀ tó gbẹ, ògiri náà ti ń jókòó lé ara rẹ̀ láti inú. Ó gbé ọkọ́, lójú gbogbo èèyàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó o.

Ariwo ta ní àdúgbò. Wọ́n ní Àlímì tún ti dé, èyí ò tiẹ̀ dúró de òjò. Ìbíkẹ́ sáré jáde, ó bá a nínú eruku.

“Iṣẹ́ oṣù kan ló lọ yìí,” ni Àlímì wí, kò sì lè wo ojú rẹ̀. “Ó ti sán. Bí mo bá rẹ́ ẹ, á dúró títí di ọjọ́ tí Yèyé bá jókòó sí ìdí rẹ̀.”

“Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣé gan-an.”

“Kí lò ń dúpẹ́ fún?”

“Pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi, kì í ṣe ògiri.”

Ó sì bá wọn kó àwókù náà.

Àlímì délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò lè jẹun. Nimotalahi gbé oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, ó jókòó tì í, ó ní kó ṣàlàyé ibi tó ti há. Ó ṣàlàyé. Nimotalahi fi orúkọ ọmọ wọn pè é.

“Bàbá Ràfíù, kí ló dé tó fi jẹ́ ohun tó ń jẹrà lẹ ń wá? Ìkòkò ni kẹ́ ẹ lò.”

“Ìkòkò ìsebẹ̀?”

“Ìkòkò tí ẹ lu ìdí rẹ̀ jáde. Ẹ ki ẹnu ọ̀kan bọ ìdí èkejì, kẹ́ ẹ máa tò ó lọ. Iná ló ti sun ún tẹ́lẹ̀, iná ò tún lè ṣe é ní nǹkan kan. Bí inú ògiri bá sì ń gbóná, òun ni yóò gba ooru náà, kì í ṣe amọ̀ yín.”

Àlímì wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Kó tó dìde, Nimotalahi ti ń so gèlè, ó ń lọ sọ́dọ̀ Abibat amọ̀kòkò. Abibat ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé, ìkòkò tí wọ́n fẹ́ kó má ní ìdí! Àmọ́ nígbà tó gbọ́ pé nítorí Yèyé Ọmọ́títí ni, ó mọ ọ́n ní gígùn, ó fún ọrùn rẹ̀ kó lè bọ́ sínú ara wọn, ó sì sun ún dáadáa.

Àtìgbà yẹn ni iṣẹ́ ti ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n to ìkòkò náà láti ìdí ààrò tó wà lẹ́yìn ògiri, ó lọ sọ́tùn-ún, ó ṣẹ́rí padà sósì, ó tún lọ sọ́tùn-ún, ó sì gba igun jáde lókè. Amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ èèpo ọ̀pẹ ni wọ́n fi bò ó lójú méjèèjì. Àlímì ò gbé ipele kankan lé òmíràn láìkọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lu èyí tó wà nísàlẹ̀, kó sì tẹ́ etí sí i. Nígbà mìíràn, ó máa ń sọ pé ó dìgbà tó bá di ọ̀túnla, àní bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo èèyàn rí i pé ó ti gbẹ. Ìbíkẹ́ ò kánjú rẹ̀ rí.

Fún ẹnu ọ̀nà méjèèjì, ó tẹ ọparun bí ọrun, ó mọ amọ̀ lé e lórí láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí wọ́n fi pàdé láàárín. Ọjọ́ tó fẹ́ yọ ọparun náà, àwọn èèyàn tí wọ́n wá wòran sún sẹ́yìn. Ó wọlé sábẹ́ rẹ̀, ó sì yọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà náà dúró. Ewé gbòdògì ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, ó ṣe ṣóńṣó bíi ti inú àwòrán. Ògiri ọgbà ò ga bíi ti àwọn Òyìnbó, èjìká èèyàn ló mọ, wọ́n sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí rẹ̀ nítorí òjò.

Òjò ọdún tuntun bẹ̀rẹ̀, ó rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin léra. Àlímì ò sùn dáadáa. Láràárọ̀ ló máa ń lọ fi ọwọ́ pa ògiri náà yí ká. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, wọ́n dá iná sí ààrò. Èéfín kọ́kọ́ ń padà sẹ́yìn, Làmídì húkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i tó ń yọ fẹ́ẹ́rẹ́ lókè igun ilé.

Sàláwù ti dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gun àtẹ̀gùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jókòó sórí pèpéle, ó sì fi gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri Àlímì.

“Hẹ̀n-ẹ́n,” ló wí, ó sì di ojú. “Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ n sinmi.”

Ẹ̀rín sọ. Ìbíkẹ́ àti Nimotalahi wá di ìyá arúgbó náà mú lápá méjèèjì, wọ́n mú un jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Sàláwù. Yèyé Ọmọ́títí na ọwọ́ sẹ́yìn, ó pa ògiri náà lára. Ó tún pa á. Ó wá fara tì í díẹ̀díẹ̀, èjìká rẹ̀ tó ti ká kò láti ọdún yìí wá sì rọ̀ wálẹ̀.

“Ìbíkẹ́, ṣé irú èyí ni wọ́n fi tọ́jú rẹ?”

“Irú rẹ̀ ni, Yèyé.”

“Nígbà tí mò ń sunkún pé òtútù ń pa ọmọ mi, ò ń yáná?”

“Mò ń yáná, Yèyé mi.”

Ìyá náà di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n mú bébà wá, kí Ìbíkẹ́ kọ ọ́ sí baba arúgbó yẹn pé òun, ìyá Ìbíkẹ́, dúpẹ́. Kó bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó bí baba náà pẹ̀lú, bó bá tilẹ̀ ti kú. Kó sì sọ fún un pé ọmọ náà ti délé. Ìbíkẹ́ kọ ọ́ níbẹ̀, ó sì fi lé àwọn ọlọ́kọ̀ l'Éfire lọ́wọ́.

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn náà ni èsì dé. Bàbá Jóòbù ò lè kọ̀wé mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bá a kọ ọ́. Ó ní òun ti ní kí wọ́n ka ìwé náà sí òun létí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ọdún méjìlélógójì ni òun fi dáná sí ògiri yẹn, èso rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń yìn, ẹnikẹ́ni ò dúpẹ́ ògiri rí títí ìwé Yèyé fi dé. Ó ní kí wọ́n bá òun kí mọlémọlé náà, kí wọ́n sì sọ fún un pé kó máa gbá èédú inú rẹ̀ jáde lọ́dọọdún, kí ọ̀nà èéfín má baà dí. Àlímì ní kí Ìbíkẹ́ tún ka ibi tó kan òun yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwọn èèyàn ti ń bọ̀ wá pè é nígbà náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Hàmídù, ẹlẹ́ja láti Efire, tí àwọn Mùsùlùmí ìlú rẹ̀ rán wá pé kí Àlímì wá bá àwọn mọ mọ́ṣáláṣí, kó sì ṣe ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ sí i. Àlímì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní lè bẹ̀rẹ̀ kí oṣù tó lé. Òun ní iṣẹ́ kan nílẹ̀.

Nígbà tí Hàmídù lọ tán, Nimotalahi jáde síta.

“Iṣẹ́ wo lẹ ní nílẹ̀, Bàbá Ràfíù? N ò gbọ́ nípa iṣẹ́ kankan.”

“Ilé ìdáná rẹ. Igi mẹ́rin àti imọ̀ ọ̀pẹ lo fi ń yan gàrí lábẹ́ òjò láti ọdún tí mo ti dáwọ́ dúró. Mọlémọlé ni mí.”

“Ẹ lọ ṣe ti mọ́ṣáláṣí ná. Ó ti mọ́ mi lára.”

“Ìyá Ràfíù, ọdún mẹ́ta lo fi bọ́ mi. O ò bú mi, o ò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ bú mi. N ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ rí. Mo dúpẹ́.”

Nimotalahi yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gbọn ìyẹ̀fun gbágùúdá kúrò ní ọwọ́ rẹ̀, ó tún un gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

“Ibo lẹ fẹ́ kọjú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí?” ló bi í.

“Ibi tó o bá fẹ́.”

Ó rìn lọ sí àárín ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, ó wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, ó sì fi ẹsẹ̀ fa ìlà kan sínú iyẹ̀pẹ̀.

“Ibí,” ló wí.

Àlímì bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó lọ gbé ọkọ́.